Òfin ta ló ní kí ọmọ kọjú sẹ́yìn nínú mọ́tò?

"Òfin ta ni? Ti Èkó ni àbí ti Òyìnbó?"

Màmá wa ló bi ìyàwó àbúrò mi bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan ní Súrùlérè, níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Corolla wa ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì ló jókòó sínú àga rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí dírẹ́bà, ó kọjú sí gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì. Maryland ni wọ́n ti dé. Maryland ti Amẹ́ríkà ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́bàá Anthony. Lójú Màmá, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ náà. Ọmọ tó ti ń rìn, tó ti ń pe èèyàn lórúkọ, kí ló ṣe tí wọ́n fi ní kó máa wo fóòmù?

"Ẹ gbé e fún mi jàre. Itan mi ò tíì kán."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú, òfin ni. Ibẹ̀ ni Màmá ti béèrè òfin ta ni. Mo ti ń ro ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà, nítorí kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dá a lóhùn tó yanjú. Àwọn ẹbí tó ń ti Houston, London àti Maryland dé sí Èkó ní December, ohùn wọn kì í ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí ní ọdún méjì, tọ̀hún ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹlòmíì ní bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti gùn, kí ẹ yí i síwájú. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ọrùn ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó tó kan òfin. Ẹni tó bá ti wẹ ọmọ tuntun rí mọ̀ pé ọwọ́ kan kì í kúrò lábẹ́ orí. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Àwọn egungun ọrùn tó gbé orí ńlá yẹn ró kò tíì gbó. Apá kan wọn ṣì rọ̀ bí etí, yóò sì gba ọdún mélòó kan kí wọ́n tó le tán. Tí mọ́tò tó ń sáré bá forí sọ nǹkan, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní tíì dúró. Ọmọ tó bá kọjú síwájú, bẹ́líìtì á di èjìká àti ìbàdí rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ nìkan ni ohunkóhun ò dì mú. Orí á fò síwájú, ọrùn rírọ̀ yẹn á sì nà tẹ̀lé e, pẹ̀lú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ tó bá kọjú sẹ́yìn, àga fúnra rẹ̀ ló máa gbà á: orí, ọrùn àti ẹ̀yìn á jọ wọ inú àga lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí agbẹ̀bí fi àtẹ́lẹwọ́ gba ọmọ.

Ti ẹsẹ̀ tó ń ká Màmá lára, ọmọdé kì í ka ẹsẹ̀ kíká sí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣeré, kò sí àgbà tó lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó ń yẹ ìjàm̀bá ọkọ̀ wò pàápàá sọ pé ọmọ tó kọjú síwájú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ṣe léṣe, nítorí ẹsẹ̀ náà á fò lọ lu ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Ẹsẹ̀ tó bá sì kán, à ń tò ó. Ta ló ń to ọrùn?

Ti itan ńkọ́? Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ fún Màmá. Ọmọ wa wọn kílò 10. Ká ní mọ́tò ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, eré tí kò tó nǹkan lójú àwa ará Èkó, eré òru ní Western Avenue. Tó bá forí sọ nǹkan tó sì dúró láàárín ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó máa já ọmọ náà gbà lọ síwájú á tó ìwọ̀n kílò 280. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ó ti ju àpò márùn-ún lọ nìyẹn, ọwọ́ ìyá kan ló sì máa dá wọn dúró, lójijì, láìkìlọ̀. Màmá ní kí ìyá rẹ̀ wá pọ̀n ọ́n nígbà náà. Ìyẹn náà ò dáa: ara ìyá lè tẹ ọmọ mọ́ ìjókòó. Bákan náà ni àwọn tó ń fi bẹ́líìtì kan di ìyá tòun tọmọ tó wà lórí itan. Ọmọ ló ń wà láàárín, òun ló sì ń gba gbogbo ẹ̀.

Àjọ NHTSA tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà sọ pé àga ọmọdé tí wọ́n bá lò bó ṣe yẹ nínú mọ́tò kékeré ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àti ìdá 54 fún àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ro ti ìkọjú-sẹ́yìn yìí o. Sweden ni. Ní 1964, dókítà kan tó ń jẹ́ Bertil Aldman wo bí wọ́n ṣe ṣètò kí àwọn tó ń lọ sí òfurufú nínú ọkọ̀ Gemini ti Amẹ́ríkà máa fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kí agbára náà lè tàn ká gbogbo ẹ̀yìn wọn. Ó ní ohun tó dára fún ọkùnrin tó ń lọ sí òfurufú á dára fún ọmọdé tó wà nínú Volvo. Wọ́n ṣe àga náà, wọ́n dán an wò. Títí dòní, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn òbí ní Sweden ni pé kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí di nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin! Mi ò tíì sọ èyí fún Màmá.

Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ di ọ̀ràn ilé ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Tennessee ló kọ́kọ́ fi òfin mú àwọn òbí láti lo àga ọmọdé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1978, nígbà tó sì fi máa di 1985 gbogbo ìpínlẹ̀ ti ní tiwọn. Ṣùgbọ́n òfin kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, ohun tó sì ń da àwọn ẹbí wa láàmú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ wa yìí ṣe òṣùwọ̀n: oṣù mẹ́rìnlá, kílò 10.

Ní Maryland, láti October 1, 2022, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gbọdọ̀ kọjú sẹ́yìn, àfi tó bá ti ga tàbí wúwo ju ohun tí àga rẹ̀ lè gbé. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ yí síwájú níbẹ̀. Ní California, òfin ti 2017 fara jọ ọ́: ọdún méjì, àfi ọmọ tó bá wọn pọ́ùn 40 tàbí tó ga tó íǹṣì 40. Ẹ wá lọ sí Texas. Òfin tibẹ̀ ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ wà nínú àga ọmọdé, àfi tó bá ga ju ẹsẹ̀ mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́sàn-án lọ. Kò dárúkọ ọjọ́ orí kankan tí ọmọ gbọdọ̀ fi kọjú sẹ́yìn. Ó ní kí ẹ tẹ̀lé ìlànà ẹni tó ṣe àga náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston fi lè búra pé kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Kò parọ́, Houston ló ń gbé.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún yàtọ̀. Ọmọ máa wà nínú àga títí á fi pé ọdún 12 tàbí títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá yá. Ní ti ìkọjú-sẹ́yìn, irú àga tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ. Àga tí wọ́n ṣe ní ìlànà R129, tó jáde ní 2013, kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15. Àga R44 ti àtijọ́ ń wo ìwọ̀n: lára àwọn kan, ọmọ tó bá ti tó kílò 9 lè yí síwájú. Nítorí náà ọmọ wa kan ṣoṣo yìí, ní London, ó lè kọjú síwájú nínú àga kan, kó má lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èkejì.

Ti àwọn dókítà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ojú ara ọmọ ni wọ́n fi wò ó. Ní 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, AAP, ní kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí di ọdún méjì. Ní August 2018, wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò pátápátá. Wọ́n ní kí ọmọ wà bẹ́ẹ̀ títí á fi ga tàbí wúwo ju ibi tí àga náà lè gbà á dé. Òfin ń sọ ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, kò sọ pé tí ẹ bá ti débẹ̀ kí ẹ dúró. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ tí ọrùn rẹ̀ di irin.

Nàìjíríà ńkọ́? Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti wà láti 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti 2012 wà, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ lemọ́lemọ́ pé kí a má gbé ọmọdé síwájú mọ́tò. Ní tèmi o, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wa mọ́tò gba Eko Bridge, àyà dírẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó tì í ni àwọn agbófinró máa ń yọjú wò. Kò sí ẹni tó tíì tẹ̀ mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn láti wo ibi tí ọmọ kọjú sí. Tí ẹ bá ń dúró de ẹni tó máa mú yín, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn tó yẹ kí n fún Màmá nìyí: òfin àga náà fúnra rẹ̀ ni. Ibi yòówù tí wọ́n ti rà á, òfin rẹ̀ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bá a wọ ọkọ̀ òfurufú dé Èkó.

Ìwé yẹn ni mo lọ kà ní Yaba lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ta ẹrù ọmọ tòkunbọ̀ to àga síta bí ẹni to ìkòkò. Mo dọwọ́ dé ọ̀kan. Ìyá tó ń tà á ní, "Broda, ojúlówó ni o, ọmọ yín á lò ó títí á fi wọ sẹ́kọ́ńdírì." Mo dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ti tẹ déètì mọ́ ike ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọdún tí wọn ò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Ó ti lọ ní ọdún mẹ́rin. Àga Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, nítorí ike ń gbó, oòrùn sì ń jẹ ẹ́. Ti Èkó, ẹ mọ bí mọ́tò ṣe máa ń rí lọ́sàn-án. Mo fi ìka hàn án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín: "Ìyẹn, tàwọn Òyìnbó nìyẹn. Mílíìkì ló ń bàjẹ́."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rà á. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú àga tòkunbọ̀ ju déètì lọ. Àga tó ti wà nínú ìjàm̀bá rí lè ti sán nínú níbi tí ojú lásán kò lè rí, ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín lò fún ọmọ tirẹ̀, tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò burú. Èyí tó wà lórí òkìtì, èmi ò ní fi ọmọ mi sí i. Èyí tí mo sì kórìíra jù ni aṣọ olókùn mẹ́rin tí wọ́n fi fóòmù díẹ̀ sínú, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú gẹ́gẹ́ bí àga ọmọ. Kò ní ike, kò ní ìwé lára. Ìjókòó ọ̀ṣọ́ ni.

Tí ẹ bá ń ka ìwé ara àga Amẹ́ríkà, pọ́ùn ni wọ́n fi kọ ìwọ̀n. Ẹ fi 2.2 pín in, ẹ ó rí kílò. Àga tó bá kọ 5 sí 40 sí apá ìkọjú-sẹ́yìn, nǹkan bí kílò 2 àti díẹ̀ sí kílò 18 nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì ti kọjá ọdún mẹ́rin kó tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ti gíga pẹ̀lú: ó yẹ kí ó ṣì ku bí íǹṣì kan láàárín àtàrí ọmọ àti òkè àga. Ti Yúróòpù ní ìwé olómi ọsàn tó ní E nínú òbìrìkìtì. Ibẹ̀ ni R44 tàbí R129 wà.

Nípa dídè é, Corolla àti Camry tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti September 2002 ní irin kékeré méjì nínú kọ̀rọ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, tí wọ́n fi ń há àga mọ́lẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ máa kọ́kọ́ kan èpo ẹ̀pà àti owó ẹyọ, lẹ́yìn náà ẹ ó kan irin. Bí kò bá sí, bẹ́líìtì mọ́tò náà á ṣe iṣẹ́ kan náà bí ẹ bá fà á gírígírí. Ẹ di àga náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ẹ mì í: kò gbọdọ̀ sún ju íǹṣì kan lọ. Ọmọ tuntun nílò kí àga dà sẹ́yìn díẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ má bàa já lé àyà, nítorí ọ̀fun ọmọ kéré, ó sì tètè ń dí. Okùn èjìká gbọdọ̀ ti ibi tó bá èjìká dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ jáde, nígbà tó bá kọjú sẹ́yìn. Ìdè àyà tó so okùn èjìká méjèèjì pọ̀, ìwọ̀n abíyá ni ká fi í sí. Ikùn kọ́ ni ààyè rẹ̀.

Èyí tí mo máa fi igbe sọ: ẹ má ṣe gbé àga tó kọjú sẹ́yìn sí iwájú mọ́tò tí airbag rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ ni, ó máa ń bú jáde nígbà ìjàm̀bá kíá ju ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́, ẹ̀yìn àga tí orí ọmọ wà ló sì máa kọ́kọ́ gbá. Ó ń pa ọmọ. Mo fi ojú ara mi rí bàbá kan ní Òjòdú tó gbé ọmọ ọwọ́ síwájú kó lè máa wò ó. Ìfẹ́ ló ń ṣe é.

Ó wá ku gó-sílóò, tí kò sí nínú òfin Maryland. Àwọn tó ń gba òbí nímọ̀ràn nípa ààbò ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ má ṣe wà nínú àga ju wákàtí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ọmọ tuntun kò sì gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kúrò ní Ìkòyí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Friday, kí ẹ sọ fún mi ibi tí wákàtí méjì bá yín dé. Lórí Third Mainland Bridge kò sí ibi tí ẹ ti fẹ́ yà. Ọmọ á ké, gbogbo èèyàn á ní kí ẹ gbé e jáde, torí mọ́tò ò kúkú rìn. Àmọ́ ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa ṣe máa ń já: lójijì ni, tí gbogbo wọn á sì tẹná bí ẹni tí wọ́n lé. Èmi máa ń jẹ́ kí ọmọ ké títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníji Adélé tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, màá wá ibi gidi dúró. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, màá tún ọjọ́ jáde yàn.

Danfo kò ní bẹ́líìtì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ní, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní àga yìí wúlò níbẹ̀. Òfin Òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí takisí kò bá ní àga ọmọdé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè wọ̀ ọ́, kó ṣáà ti jókòó sẹ́yìn. Tí danfo bá pọn dandan, ẹ yẹra fún iwájú àti ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹdọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mọ́tò tí ẹ fi fóònù pè, ọ̀pọ̀ àga ọmọ tuntun tó ní ìdí tó ń yọ ṣe é fi bẹ́líìtì dè láìlo ìdí náà. Ìwé ara rẹ̀ máa fi ọ̀nà hàn yín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Dírẹ́bà á pòṣé. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kó tó dé, kó ti mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà, Màmá ní òun máa sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú. Àbúrò mi ló gbé ọmọ sínú àga, ó fa okùn, ó ní ó ti tán. Màmá tẹ̀ wọ inú mọ́tò, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ìka méjì ti abẹ́ okùn èjìká bí ó ṣe máa ń ti abẹ́ ọ̀já tí ìyá ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀n ọmọ tán. Ìka méjèèjì wọlé pẹ̀lú ààyè.

"Ó dẹ̀ jù," ló wí. "Ibo ni wọ́n ti ń fà á?"